Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe agbáṣe: àlàyé nípa àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ìlera àdúgbò àti iṣẹ́ pàjáwìrì

Mo ní àbúrò ìyá kan ní Ìbàdàn tí ọmọ wọn obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ Red Cross. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, wọ́n fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, wọ́n ní: “Ọmọ mi, ìwọ tó o mọ̀wé, sọ òótọ́ fún mi. Àbúrò rẹ yìí, bí ọkọ̀ bá takìtì, wọ́n á pè é. Bí onígbáméjì bá wọ àdúgbò, á máa wọ ojúlé dé ojúlé. Nígbà mìíràn tó bá dé, èmi ni mò ń bá a fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀. Oṣù á parí, kò ní gba kọ́bọ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń lo ọmọ mi ní ìlòkulò?”

Àwọn nìkan kọ́ ló ń bèèrè irú ìbéèrè yìí. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn, àwọn tí a máa ń pè ní fọlọ́ntíà, rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹlòmíì rò pé iṣẹ́ ìjọba ni, pé bó pẹ́ bó yá wọ́n á gbà wọ́n wọlé pátápátá. Ẹlòmíì rò pé dókítà kékeré ni wọ́n, á gbé oògùn tí wọ́n kọ fún un kalẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wò ó. Ẹlòmíì sì gbà pé aláàánú tó ń kọjá lọ lásán ni wọ́n, pé kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú ẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo dá àbúrò ìyá mi lóhùn pẹ̀lú ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀ jù mí lọ, torí inú oko ni wọ́n dàgbà sí. Mo ní, “Mọ́mì, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbáṣe, àáró àti ọ̀wẹ̀?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọdé wo ni kò mọ ìyẹn. Ẹni tó lọ ṣe agbáṣe, owó ló torí ẹ̀ lọ. Wọ́n ti dá iye lé e kó tó gbé ọkọ́. Àáró ní tirẹ̀, gbèsè ni: ẹ bá mi ro oko tèmi lónìí, èmi náà á bá yín ro tiyín lọ́tùn-únla, ẹni tó bá gba iṣẹ́ tí kò san án padà, wọn ò ní bá a dá àáró mọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹnì kan lọ, bí ilé kíkọ́ tàbí oko àna tó fẹ̀, onítọ̀hún á bẹ ọ̀wẹ̀. Tẹbí tará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ á wá. Wọn ò dá owó lé e, wọn ò sì kọ orúkọ sílẹ̀ pé ẹ jẹ wá lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀, ẹni tó bẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ gún iyán, kó gbé ẹmu kalẹ̀. Iyán yẹn kì í ṣe owó iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi òkèlè wọn iye ebè tó kọ. Àmọ́ ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ tó jẹ́ kí wọ́n fi ebi lọ sílé, ojú á tì í láàárín ìlú.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ àbúrò mi. Owó ọkọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, omi mímu, ìbọ̀wọ́, aṣọ tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, oúnjẹ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pẹ́, iyán ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ẹ má pè é ní owó oṣù, ẹ má sì pè é ní àǹfààní tí wọ́n ń ṣe fún un. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ síbi ìjàm̀bá, kó tún ra ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ náà bẹ ọ̀wẹ̀ láìgúnyán. Bí ilé ìwòsàn kan bá sì ń lo fọlọ́ntíà lójoojúmọ́, láti àárọ̀ di alẹ́, lórí iṣẹ́ tó yẹ kó gba nọ́ọ̀sì sí, torí kó má baà san owó oṣù, agbáṣe tí wọn ò san owó rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Èmi ò rí orúkọ mìíràn fún un.

Àmì àgbélébùú pupa

Àwọn Mùsùlùmí kan ti bi mí rí bóyá ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ni Red Cross. Rárá o. Ìtàn àmì yẹn kò bá ṣọ́ọ̀ṣì kankan tan.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1859, ogun ńlá kan wáyé ní Solferino, ní àríwá Ítálì, láàárín àwọn ọmọ ogun Ọ́síríà ní apá kan, Faransé àti Sardinia ní apá kejì. Oníṣòwò kan láti Geneva ní Switzerland, Henry Dunant, dé ìlú Castiglione nítòsí ibẹ̀, ó sì bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ìta gbangba, tí kò sí dókítà tó tó wọn. Àwọn obìnrin ìlú náà ló kó ara wọn jọ, wọ́n ń fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n ń fún wọn lómi mu, wọn ò bèèrè ta ni ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lédè wọn ni “Tutti fratelli”, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá ni gbogbo wa. Dunant gbé ọ̀rọ̀ náà dé Geneva, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó di Red Cross sílẹ̀ lọ́dún 1863, àwọn orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí àdéhùn àkọ́kọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ lọ́dún 1864. Àsíá Switzerland ni wọ́n yí padà ṣe àmì rẹ̀: ti Switzerland jẹ́ àgbélébùú funfun lórí pupa, tiwọn jẹ́ pupa lórí funfun. Nígbà tó di 1876, ìjọba Ottoman ní òṣùpá pupa làwọn á máa lò. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan náà fi ń jẹ́ Red Crescent ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Mùsùlùmí.

Ọdún 1917 ni ẹ̀ka Red Cross ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1960 ló sì sọ ọ́ di ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì àti Àbújá. Mo ní láti fi èyí kún un, torí ó ń dùn mí: àmì àgbélébùú pupa tí àwọn oníkẹ́míìsì àti ọsibítù aládàáni ń kùn sára ògiri kì í ṣe tiwọn. Òfin dáàbò bò ó. Lójú ogun, àmì yẹn ló ń sọ fún ẹni tó gbé ìbọn pé kó má yìn ín síbí. Bí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá ń lò ó, agbára rẹ̀ á dín kù lọ́jọ́ tí ẹ̀mí èèyàn bá wà lórí rẹ̀.

Ìlànà méje ni ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí ní Vienna lọ́dún 1965, iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni láìwá èrè sì wà nínú wọn. Èyí tó le jù láti tẹ̀ lé lójú tèmi ni àìṣègbè. Bí ọkọ̀ méjì bá forí sọ ara wọn, ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ léwu jù ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, kódà kó jẹ́ awakọ̀ tó mutí yó tó fa ìjàm̀bá náà. Àwọn èrò tó yí wa ká á fẹ́ lù ú. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì á wà nílẹ̀. Ìwọ á kúnlẹ̀ tì í, wàá tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹni tó yẹ láti yè, a ti di adájọ́, a kì í ṣe olùrànlọ́wọ́ mọ́.

Ta ni ta ni?

Ní ojú ọ̀nà àti ní àdúgbò, aṣọ pọ̀, àwọn èèyàn sì ń pe gbogbo wọn ní orúkọ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ NEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1999 dá sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba owó oṣù ni wọ́n. Àwọn LASEMA, àjọ pàjáwìrì ti ìpínlẹ̀ Èkó, àti àwọn panápaná náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù ni wọ́n. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó, ó sì tún ní àwọn Special Marshal: dókítà, oníṣòwò, olùkọ́, agbẹjọ́rò tó ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń fi àyè sílẹ̀ láti wọ aṣọ dúró lójú ọ̀nà láìgba owó oṣù. Fọlọ́ntíà gan-an ni wọ́n.

Ní apá ìlera, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù. Òṣìṣẹ́ tí ẹ bá ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé, tí wọ́n ń pè ní CHEW, kì í ṣe fọlọ́ntíà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó sì wà lórí ìwé owó oṣù. Àwọn tó wà lábẹ́ ètò CHIPS, tí ìjọba àpapọ̀ fi lọ́lẹ̀ lọ́dún 2018, yàtọ̀ sí wọn. Láàárín àdúgbò gan-an ni wọ́n ti ń yàn wọ́n, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ráńpẹ́ àti owó díẹ̀ fún wàhálà wọn, wọ́n sì ń ṣe alárinà láàárín ilé aláboyún àti ilé ìlera. Àwọn ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù náà wà, ìyẹn àwọn àgbà àdúgbò, ìyálọ́jà, àlùfáà àti pásítọ̀ tó ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí òrùlé ilé ìlera fi ń jò. Àwọn náà kì í gba owó.

Èrò pé kí ará ìlú lọ́wọ́ sí ìlera ara wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé àgbáyé lórí ìlera tó wáyé ní Alma-Ata lọ́dún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe àwọn èèyàn ni láti kópa nínú ètò ìlera wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985, ló fi gbogbo agbára tì í dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa.

Ibi tí ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ dúró

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ fọlọ́ntíà gan-an, màá ní wọ́n ń kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Inú rere pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí ọkọ̀ bá ṣubú lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ tó ṣẹ́jú, èèyàn ogún ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí inú rere yẹn fa èèyàn jáde nínú ọkọ̀ ní apá méjèèjì, tí orí rẹ̀ ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n sì gbé e jù sẹ́yìn ọkọ̀ akérò bí àpò gàrí. Bí eegun ọrùn tàbí ti ẹ̀yìn bá ti sán, irú gbígbé bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tí ì bá tún rìn di ẹni tí kò ní lè gbé ẹsẹ̀ láéláé. Àyàfi bí iná bá fẹ́ jó o, tàbí omi fẹ́ gbé e lọ, tàbí ewu mìíràn wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú jẹ́ẹ́, kó máa bá a sọ̀rọ̀, títí tí àwọn tó ní irinṣẹ́ á fi dé.

Ohun àkọ́kọ́ gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ìwọ fúnra rẹ ni. Wo ibi tó o dúró sí. Ṣé táńkà epo ló ṣubú? Ṣé òórùn epo wà níbẹ̀? Ṣé ọkọ̀ mìíràn lè ya bá yín? Ẹ já ewé, ẹ tò ó sójú ọ̀nà láti òkèèrè, kí àwọn tó ń bọ̀ lè dẹ eré. Fọlọ́ntíà tó bá kú síbi ìjàm̀bá ti fi ọ̀kan kún iye òkú, kò gba ẹnikẹ́ni là. Lẹ́yìn náà ni ìpè: 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, 122 ni ti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, Èkó sì tún ní 767. Ẹ má kàn kígbe pé “Ẹ gbà wá o!” lórí fóònù. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà pẹ̀lú àmì tí wọ́n fi lè dá a mọ̀, iye ọkọ̀, iye èèyàn, bóyá ẹnikẹ́ni há sínú ọkọ̀, bóyá iná ń jó.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gírígírí, ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò kí ẹ máa yọjú wò ó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bí aṣọ náà bá rin, ẹ fi òmíràn lé e lórí. Bí irin bá gún un tó dúró sínú ara, ẹ má fà á yọ, òun gan-an lè jẹ́ ohun tó dí ihò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó dákú, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ké sí ni omi, “ẹ bá wa wá omi tútù!”, ṣùgbọ́n omi tí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ bá gbà lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá ń mí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè ṣàn jáde. Bí kò bá mí mọ́, ó kan títẹ àyà, ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ò lè fi kíkà kọ́ ìyẹn. Orí ère tí wọ́n ṣe bí èèyàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, títí apá á fi máa ro ẹni.

Ti gìrì àti wárápá ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí inú ilé wa ló ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ bá ń gbọ̀n, wọ́n á ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà gé ahọ́n rẹ̀ jẹ. Ṣíbí yẹn ti fọ́ ọ̀pọ̀ eyín. Àwọn mìíràn á ti ẹsẹ̀ ọmọ bọná, wọ́n á ní ooru ló máa jí i. Àwọn mìíràn á da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, èyí tó lè pa á. Ohun tó yẹ kò ṣòro: ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo aago. Bó bá lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ọsibítù yá. Ọmọ tí gìrì mú nítorí ibà náà, ọsibítù ni, kódà bó ti dáwọ́ dúró.

Ẹni tí iná jó, omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Ọmọ tó mu kẹrosíìnì, ẹ má rọ epo pupa fún un kó lè bì. Bó bá bì í, kẹrosíìnì náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ síbi tí dókítà wà.

Ẹ̀yìn èyí, fọlọ́ntíà á dáwọ́ dúró. Kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́, kì í fún un lóògùn tí wọn ò dìídì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kì í sọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Á fa aláìsàn lé ẹni tó mọ̀ jù ú lọ́wọ́, á sọ ohun tó rí àti ohun tó ṣe, á kúrò lọ́nà.

“Ṣé ọlọ́pàá ò ní mú mi?”

Ẹ̀rù yìí ti pa èèyàn ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn ń kọjá lára ẹni tó ń kú torí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó bá gbé e dé ọsibítù ni wọ́n máa bi pé ta ló ṣe é, tàbí pé ọsibítù ò ní gbà á láìrí ìwé ọlọ́pàá. Òfin ti sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì.

Òfin ìlera ti ọdún 2014 (National Health Act), ní abala 20, sọ pé olùtọ́jú tàbí ilé ìwòsàn kò gbọ́dọ̀ kọ ẹnikẹ́ni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, lè tọ́ sí i. Ní ti ìbọn, òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà (Compulsory Treatment and Care for Victims of Gunshot Act) ní kí gbogbo ọsibítù gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí. Ọsibítù ló ni iṣẹ́ láti fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó ṣe ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú tì í nítorí pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí là. Mo mọ̀ pé òfin inú ìwé àti ohun tí à ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí èèyàn mọ ọdún òfin náà àti orúkọ rẹ̀, kó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà fún nọ́ọ̀sì tó bá ní “ẹ lọ gba ìwé wá ná”.

Ojúlé dé ojúlé

Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni gbogbo ayé ń rí, àmọ́ iṣẹ́ tó gba ẹ̀mí jù kò láriwo. Ẹ rántí Ebola. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gbé àrùn náà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí arìnrìn-àjò náà kúrò ní ọsibítù, òun fúnra rẹ̀ sì kó àrùn náà, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn ogún ló kó o ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Nínú ìlú tó ní èrò tó Èkó, kí ló dé tí kò fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Wọ́n tọpa èèyàn 894 tó ti sún mọ́ aláìsàn, wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n wọ ilé bí 26,000 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ Rivers láti ṣàlàyé fún àwọn tó ń gbé ní àyíká wọn. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ṣe é ni fọlọ́ntíà, òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ti mọ iṣẹ́ ojúlé dé ojúlé láti ìgbà abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa.

Ní àkókò yẹn kan náà, irọ́ kan jáde pé kí èèyàn mu omi iyọ̀, kó sì fi wẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Ó kéré tán, èèyàn méjì kú nípa iyọ̀ yẹn. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò fi wúlò nìyẹn: ìkéde orí rédíò kì í lè wọ yàrá, kó sọ pé “Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ da omi yẹn nù.” Bí onígbáméjì bá dé, iṣẹ́ kan náà ni. Fọlọ́ntíà á wọlé, á kí wọn bó ṣe yẹ, á kọ́ ìyá ọmọ bí wọ́n ṣe ń po omi ìdápadà ara: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí kò ga lórí, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Bí ti inú páálí bá wà, ìyẹn ló dára jù. Bí ojú ọmọ bá ti jìn, tí kò lè mu, kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Ohun tó sì rí nínú ilé, inú ilé ni yóò kú sí. Ẹni tó ní ikọ́ ife, ẹni tó ń lo oògùn HIV, oyún tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀rẹ́, kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp. Fótò ẹni tó ṣèṣe náà ńkọ́? Ẹ̀tẹ́ ńlá ni. Fọlọ́ntíà tó bá yọ fóònù ya ẹni tó ń kú, kí olórí rẹ̀ gba aṣọ lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé

Ẹ lọ sí ẹ̀ka Red Cross ìpínlẹ̀ yín, tàbí ilé ìlera alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ bèèrè ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àdúgbò. Ẹ máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fi yín sínú iṣẹ́, ẹ ó sì máa tún un gbà lásìkò, torí ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù àti aṣọ fún àwọn ọ̀dọ́, tí wọ́n ń sọ pé bó bá yá ìjọba á sọ gbogbo wọn di òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Mo mọ ẹni tó san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ, owó bàtà, owó “ìdánwò”, tó ń dúró de lẹ́tà títí di òní. Ẹni tó bá ń ṣèlérí owó oṣù fún fọlọ́ntíà ń parọ́, bóyá lórí owó, bóyá lórí ìyọ̀ǹda.

Kí ẹ tó gbà, ẹ bi wọ́n: ta ni olórí mi lójú iṣẹ́? Ta ló ń san owó ọkọ̀? Bí mo bá ṣèṣe, ta ni yóò tọ́jú mi? Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ bí ohun tí mo rí bá ń dà mí láàmú lóru? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ bèèrè rẹ̀. Ẹni tó gbé òkú ọmọdé lọ́sàn-án kò lè sùn bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ara iṣẹ́ náà ni.

Mo padà sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ní tòótọ́, owó kọ́ ló bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ wọn, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ lásán fọ̀ ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú B àti HIV bí ọwọ́ bá ní ojú egbò, pé kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fi omi tí wọ́n bu oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn sí rẹ aṣọ náà kí ọwọ́ tó kàn án, pé abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á láàárín oṣù mẹ́fà, ó sì yẹ kí àbúrò mi ti gbà á kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni iyán ọ̀wẹ̀ tó o wí, àbí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì.”

Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà olórí ẹgbẹ́ náà, àwọn fẹ́ bi í bóyá ó ti gún un.